A pín ilé sí fúláàtì méjì láìgba àṣẹ: báwo ni a ṣe ń fi hàn pé ó ti pẹ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọdún 1987 ni bàbá wa ra ilé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 wọ́n pín in sí fúláàtì méjì láìgba àṣẹ planning lọ́wọ́ káńsù. Màmá wa ń gbé ìsàlẹ̀, a sì ń gba ayálégbé sí òkè. Ìdílé kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ gbé òkè, láti oṣù kẹwàá 2018 títí di oṣù kẹjọ 2020. Lẹ́yìn náà òrùlé ń jò, òkè ṣófo títí di oṣù kejì 2021, nígbà tí tọkọtaya tó wà níbẹ̀ di òní kó wọlé. Bàbá ti di olóògbé, a fẹ́ ta ilé, ṣùgbọ́n lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á ní ká mú ẹ̀rí wá pé fúláàtì méjèèjì bófin mu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n ti pa òfin ọdún mẹ́rin rẹ́, ó ti di mẹ́wàá, ká dúró di 2028. Ẹlòmíràn ní council tax (owó tí káńsù ń gbà lórí ilé gbígbé) tí à ń san lórí fúláàtì méjèèjì ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí àbúrò bàbá wa kọ ìwé pé òun ló gbé òkè ní àwọn oṣù tó ṣófo yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń sùn nínú yàrá kan tí bàbá kọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà. Ṣé a lè kó o mọ́ ọn? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn, sà."

Arábìnrin wa, ẹ kú àfẹ́kù bàbá, Ọlọ́run yóò dẹlẹ̀ fún wọn. Mo gbọ́ ohun méjì nínú lẹ́tà yín. Èkíní ni pé títa ilé ti dúró, ẹni tó fẹ́ rà á sì lè sá lọ. Èkejì, èyí tí ẹ kò sọ jáde tán, ni ìbẹ̀rù pé bí ẹ bá lọ bá káńsù, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín fa ìjàngbọ̀n sínú ilé tí wọn kò ti yọ yín lẹ́nu láti ọdún yìí wá. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsán, n ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín dára ju bí wọ́n ti ṣe ń sọ ọ́ fún yín lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo sì rí nínú lẹ́tà yín tó lè bà á jẹ́ pátápátá ni ìwé tí ẹ̀gbọ́n yín ní kí àbúrò bàbá yín kọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ń béèrè. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti ìlò ilẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Town and Country Planning Act ti ọdún 1990. Abala 55 nínú rẹ̀ sọ pé bí ilé tí ìdílé kan ń gbé bá di ibùgbé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlò ilé ti yí padà, àyípadà bẹ́ẹ̀ sì nílò àṣẹ. Nítorí náà, bàbá ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n gba àṣẹ fún. Ṣùgbọ́n abala 171B tún fi gbèdéke sí agbára káńsù: bí àkókò kan bá ti kọjá tí káńsù kò gbé ìgbésẹ̀, agbára láti dá ìlò náà dúró ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìlò náà á sì di ohun tó bófin mu. Abala 191 ló wá fún onílé láǹfààní láti béèrè fún ìwé ẹ̀rí tó ń jẹ́ Lawful Development Certificate, tí káńsù yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé yìí yàtọ̀ pátápátá sí àṣẹ planning. Káńsù kò ní í bi yín bóyá fúláàtì méjì dára fún àdúgbò náà, bóyá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó, tàbí bóyá inú aládùúgbò dùn sí i. Ìbéèrè kan ni wọn yóò bi yín: kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo? Aládùúgbò tó bá kọ̀wé pé òun kò fẹ́ fúláàtì níbẹ̀ kò lè dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kọ̀wé pé òun mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbé òkè ní 2022 lè dí yín lọ́wọ́ gidigidi, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ.

Ní ti ọdún mẹ́rin àti mẹ́wàá, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ tán. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, lábẹ́ Levelling-up and Regeneration Act ti 2023, gbèdéke ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ọdún mẹ́wàá fún gbogbo irú àìgbàṣẹ báyìí. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rin ni fún ilé tí a bá yí padà sí ibùgbé kan ṣoṣo, ilé-ẹjọ́ sì ti là á pé fúláàtì kọ̀ọ̀kan nínú ilé tí a pín jẹ́ ibùgbé kan ní ojú òfin yìí. Àwọn tó mú òfin tuntun wọlé fi ààyè sílẹ̀: bí àyípadà náà bá ti wáyé ṣáájú ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2024, ọdún mẹ́rin àtijọ́ náà ni a óò fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì í gbọ́. Òfin kò ní kí ọdún mẹ́rin ti pé ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun tó ní ni pé kí àyípadà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó pín ilé rẹ̀ ní oṣù kẹta 2024 ń ka mẹ́rin. Ẹni tó pín tirẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ń ka mẹ́wàá. Ti yín ti wáyé ní 2018, nítorí náà kò sí ìdí kankan láti dúró di 2028.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àwọn oṣù tí òkè fi ṣófo. Wọn kì í kàn ka ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí káfíńtà parí iṣẹ́ títí di òní. Ní 2005, nínú ẹjọ́ tí káńsù Swale ní Kent bá ìjọba jẹ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn là á pé ìlò gbọ́dọ̀ wà láìdáwọ́dúró jálẹ̀ àkókò náà, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ yòówù kí káńsù wá, wọn ì bá rí nǹkan tí wọ́n lè gbé ìgbésẹ̀ lé lórí. Bí ayálégbé kan bá jáde lónìí tí òmíràn sì wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ibùsùn àti ìdáná ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò kì í sábà rí i gẹ́gẹ́ bí ìdáwọ́dúró. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ṣófo fún bí oṣù márùn-ún, tí òrùlé ṣí sílẹ̀, tí ènìyàn kò lè sùn níbẹ̀, káńsù lè sọ pé ọdún tí ẹ ń kà bọ̀ ti já. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti bá wọn jiyàn lórí irú àkókò bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ọ̀nà mìíràn sì wà fún yín. Ẹ má ka àwọn oṣù wọ̀nyẹn mọ́ ọn rárá. Tọkọtaya tó wà lókè wọlé ní oṣù kejì 2021, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní. Láti ìgbà náà sí oṣù kejì 2025 jẹ́ ọdún mẹ́rin gbáko, ìdílé kan, àdírẹ́sì kan, kò sí àlàfo kankan nínú rẹ̀. Nítorí pé 2021 ṣáájú 2024, ọdún mẹ́rin náà ló ṣì wà fún yín bí ẹ tilẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ti ìsàlẹ̀, màmá kò kúrò níbẹ̀ láti 2018, nítorí náà tiwọn ti pé láti oṣù kẹsàn-án 2022. Ẹ sọ ìtàn òkè láti 2018 ní kíkún, ẹ sọ pé ó ṣófo, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdí ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2021.

Ẹ rí i báyìí pé ìwé tí àbúrò bàbá fẹ́ kọ kò wúlò fún ohunkóhun. Yàtọ̀ sí pé kò wúlò, ó léwu. Bí ẹ bá ti sọ fún ẹ̀ka council tax ní 2020 pé òkè ṣófo kí wọ́n lè dín owó kù, àkọsílẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ káńsù kan náà tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí. Iná tí wọn kò lò ní àwọn oṣù yẹn wà nínú ìwé owó iná. Ẹni tó tún òrùlé ṣe ní rìsíìtì. Abala 194 nínú òfin 1990 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi irọ́ gba ìwé ẹ̀rí yìí, ó sì lè fa ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún méjì. Káńsù sì lágbára láti gba ìwé ẹ̀rí náà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ra ilé náà, kódà bí onítọ̀hún kò bá mọ nǹkan kan nípa irọ́ náà. Ìwé irọ́ kan yóò tún mú kí wọ́n máa wo gbogbo òótọ́ tí ẹ kó wá pẹ̀lú iyèméjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí baba àgbà yẹn má baà fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹlòmíràn máa ń béèrè pé ṣé pípa tí bàbá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún káńsù kì í ṣe ẹ̀tàn. Ní 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ ọkùnrin kan ní Hertfordshire tó gba àṣẹ pé àká koríko ẹran lòun fẹ́ kọ́. Ara ilé náà jọ àká, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jẹ́ ilé gbígbé tó pé pérépéré, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí ó tó wá béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní kò lè jèrè ẹ̀tàn tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe. Nínú ọdún 2011 kan náà ni ìjọba ṣe òfin tó jẹ́ kí káńsù lè lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ májísíréètì láti gbé ìgbésẹ̀ lórí àìgbàṣẹ tí ẹnì kan mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi pamọ́, bí gbèdéke tilẹ̀ ti kọjá. Ti yín kò jọ ìyẹn. Bí ènìyàn kò bá sọ fún káńsù, ìyẹn nìkan kì í ṣe ìfipamọ́. Agogo ẹnu-ọ̀nà méjì, àdírẹ́sì méjì, council tax méjì: ojú gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n council tax nìkan kò tó. Ẹ̀ka tó ń gba owó àti ẹ̀ka planning ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbígbà tí wọ́n gba owó yín kì í sì í ṣe àṣẹ. Ohun tó ń fi hàn ni ọjọ́ tí ilé ti di méjì nínú ìwé àwọn tó ń díwọ̀n rẹ̀, ìyẹn sì wúlò púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó kan. Kò sọ ẹni tó sùn níbẹ̀, kò sì sọ bóyá ilé ìdáná wà lókè.

Ìwọ̀n ẹ̀rí tí òfin ń fẹ́ kò ga tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Ọwọ́ yín ni ẹrù ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ yín sún mọ́ òtítọ́ ju kí ó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà ẹjọ́ Gabbitas ní 1985 ni ó ti wà nílẹ̀ pé ẹ̀rí ẹnu onílé fúnra rẹ̀ lè tó, bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn tó ta kò ó, bí ó bá sì ṣe pàtó tí kò sì ní ìtumọ̀ méjì. Ibí ni mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wọ́. Àwa Yorùbá máa ń gba ènìyàn sílé nítorí àánú àti ìmọ̀lára: ọmọ ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ ará ìlú, ẹni tí bàbá rẹ̀ mọ bàbá ẹni. A kì í kọ ìwé àdéhùn, owó sì ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, onílé á wá sọ fún mi pé "gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé wọ́n gbé níbẹ̀." Gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n, káńsù kò mọ̀ ọ́n, ìwé ló sì máa sọ ọ́ fún wọn.

Bí ìwé àdéhùn kò bá sí, ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Onílé tó ní gáàsì nínú ilé tó fi ń gba ayálégbé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ìwé ọdọọdún yẹn ní àdírẹ́sì fúláàtì àti ọjọ́ lórí. Láti 2016 ni òfin ti ní kí onílé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ìwé ìgbélùú ayálégbé wò kí ó tó wọlé, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí bàbá bá tọ́jú tiwọn, ọjọ́ wà níbẹ̀. Owó ìdógò tí a fi pamọ́ sábẹ́ ètò ìjọba ní ọjọ́ àti àdírẹ́sì. Ìwé tó ń fi ìlò iná ilé hàn, tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ ìgbà tí fúláàtì òkè kọ́kọ́ ní tirẹ̀. Àwòrán òpópónà tí Google ń yà ní oṣù àti ọdún lórí. Ẹ wò ó bóyá agogo méjì hàn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́wọ́ àwọn ayálégbé ni ìwé tó lágbára jù wà: ìwé báǹkì tó ń fi owó ilé hàn lóṣooṣù, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà, lẹ́tà ilé-ìwé ọmọ, orúkọ wọn nínú ìwé olùdìbò bí wọ́n bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kódà ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá pé omi gbígbóná kò ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán, jẹ́ ẹ̀rí gidi nítorí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ní ti ìwé owó iná, ẹ wá èyí tó ń fi iye tí wọ́n lò hàn. Èyí tó kàn ń fi owó ojoojúmọ́ tí iléeṣẹ́ ń gbà hàn kò sọ pé ẹnikẹ́ni wà nílé.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ẹ tò ó ní oṣooṣù láti oṣù kejì 2021. Bí oṣù mẹ́ta bá wà láìní ìwé kankan, ẹ ó rí i kí ẹni tí káńsù yàn tó rí i. Kí ẹ wá fi ìwé ìbúra so ó pọ̀, èyí tí màmá yóò ṣe àti èyí tí tọkọtaya náà yóò ṣe níwájú lọ́yà. Ìwé ìbúra tó sọ pé "wọ́n ti gbé níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́" kò sọ nǹkan kan. Èyí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n wọlé, iye yàrá tó wà lókè, ibi tí ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà, ìlẹ̀kùn tó ya òkè sọ́tọ̀, iye owó ilé àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án, tí ó sì tọ́ka sí àwòrán ìlà ilé tí ẹ so mọ́ ọn, ìyẹn ni ọkàn ẹni tó ń kà á yóò balẹ̀ lé. Kí olúkúlùkù lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo ti rí ìwé márùn-ún tí ọ̀rọ̀ inú wọn bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo pè é fún gbogbo wọn. Wọn kò níyì ju ìwé kan lọ.

Ní ti yàrá ẹ̀yìn ọgbà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ibùgbé ní ojú òfin ni ibi tí ènìyàn ti lè dá gbé ìgbé ayé rẹ̀: kí ó sùn, kí ó dáná, kí ó wẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń sùn níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń wọ inú ilé wá jẹun àti wẹ̀, yàrá náà jẹ́ apá kan ilé màmá, kò sì nílò kí ẹ pè é ní ibùgbé kẹta. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ó kàn dá ìṣòro tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ni.

Mo ṣèlérí láti padà sí ìbẹ̀rù yín. Bí káńsù bá kọ̀, wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì lè fi enforcement notice ránṣẹ́, ìwé àṣẹ tí ń ní kí ènìyàn dá ilé padà sí bí ó ti wà. Kíkọ̀ kò ti ilẹ̀kùn pa: ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè mú ẹ̀rí tó dára jù wá lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ̀wé rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà yín bóyá lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á yóò gba ìwé adójútòfò tó ń bo àìgbàṣẹ. Ó yá, kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ fúláàtì di ohun tó bófin mu. Ó kàn ń san owó bí ìgbésẹ̀ bá wá. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò kì í sì í sábà gba ẹni tó ti bá káńsù sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn náà, nítorí náà ẹ má pe káńsù láti "kàn béèrè." Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ béèrè àṣẹ planning lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Èmi kò ní yan ìyẹn fún yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ kí a pín ilé ìdílé kéékèèké, ìyẹn á sì gbé ọ̀rọ̀ yín kúrò ní ibi tí ó ti lágbára lọ sí ibi tí wọn yóò ti máa wọn dídára rẹ̀. Bí ẹ̀rí láti 2021 bá pé bí lẹ́tà yín ti ṣe sọ, ìwé ẹ̀rí ni èmi yóò lọ gbà. Gbèdéke ìpinnu jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí káńsù tilẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Ohun kan wà tí ìwé ẹ̀rí náà kò ní í ṣe. Kò sọ pé iṣẹ́ inú ilé bá òfin ìkọ́lé mu: ìlẹ̀kùn tó ń dá iná dúró, àjà tó ya òkè kúrò nísàlẹ̀, wáyà iná. Lọ́yà kan náà yóò béèrè ìyẹn, ẹ̀ka building control sì ni ẹ ó ti gba ìwé tirẹ̀. Bí ilé náà bá wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò, tàbí bí káńsù bá ti fi enforcement notice ránṣẹ́ sí bàbá rí, ẹ gbàgbé ìmọ̀ràn mi kí ẹ lọ bá lọ́yà planning lójúkorojú, nítorí pé ìyẹn yí gbogbo nǹkan padà. Bí èmi kò bá tíì rí ìwé yín, n kò lè sọ ju èyí lọ.

Ẹ sọ pé màmá ń gbé ìsàlẹ̀ láti 2018, mo sì rò pé àwọn ló ń gba owó ilé òkè láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Àwọn ni ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ́pò. Kí ẹ tó wá àwòrán tàbí ìwé owó iná kankan, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ẹ sì mú wọn lọ búra níwájú lọ́yà ní oṣù yìí, pàápàá bí wọ́n bá ní lọ́kàn láti lọ sílé fún ọdún Kérésì.